Irinṣẹ́ Tí Ọkàn Bàbá Tẹ̀ Sí

Ọjọ́ Ajé ni ímeèlì náà wọlé, Toyyib sì kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbà pé òun gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú òyìnbó, tó ń ṣe ìkànnì fún àwọn ilé-ìkàwé, ló ní àwọn ti rí ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀, àwọn sì fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Kó fi ọjọ́ méje kọ ìkànnì kékeré kan tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi gba àga sílẹ̀ ní ilé-ìkàwé láti orí fóònù. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní JavaScript ni kó fi kọ ọ́. Irinṣẹ́ tó bá wù ú ni kó fi kó kóòdù rẹ̀ jọ, èyí tó bá wù ú ni kó sì fi dán an wò. Bí iṣẹ́ náà bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, àwọn á pè é lórí fídíò, kí àwọn jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ohun tó ń lé Toyyib bọ̀ lẹ́yìn kò kéré. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tó ti jáde ní yunifásítì, yàrá kan ló háyà ní Fate, ní Ìlọrin, inú yàrá náà ló sì ti kọ́ iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Ó ti ṣe ìkànnì fún obìnrin kan tó ń ṣe kéèkì, ó ti ṣe fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì, ó sì ti ṣe fún ọkùnrin kan tó ń ta ẹran ọ̀sìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń gbé ènìyàn dúró kò tíì wá. Àbúrò bàbá rẹ̀, Alhaji Àmínù, tó ń ta ohun èlò mọ́tò ní Kano, ti ń pè láti ìgbà Iléyá pé kí ọmọ náà máa bọ̀ wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. "Kí ọkùnrin tó tó gbéyàwó máa tẹ kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, ṣé iṣẹ́ nìyẹn?" Bàbá Toyyib, Alfa Sàídù, ló ń bá a bẹ̀bẹ̀. Bàbá náà ní kí àbúrò òun jọ̀ọ́ dá ààyè náà sí di ìparí oṣù. Bí iṣẹ́ kankan kò bá yọjú kí oṣù tó parí, Kano yá nìyẹn. Toyyib mọ̀ pé tí òun bá ti jókòó sídìí páàtì mọ́tò, òun ò ní kọ kóòdù mọ́ láyé. Kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó rò pé ẹni tí nǹkan dì mọ́ lọ́rùn báyìí á ki iṣẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ ló ń yàn.

Ọ̀nà kan ò wọjà, àwọn àgbà ló wí i. Wọn ò sọ ohun tí ẹni tó dúró ní oríta á ṣe bí gbogbo ọ̀nà bá wọjà lóòótọ́. Irinṣẹ́ méjì-méjì ló wà níwájú Toyyib, ọ̀kan láti kó kóòdù jọ, ọ̀kan láti dán an wò. Webpack àti Jest ni ti àkọ́kọ́, àwọn àgbà irinṣẹ́, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti ń lò tipẹ́. Vite àti Vitest ni èkejì, àwọn tó dé lẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ wọn yá. Ọwọ́ Toyyib mọ Vite dáadáa. Gbogbo ìkànnì tó ti ṣe rí, òun ló fi ṣe wọ́n, gbogbo wọn ló sì wà níta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè wò. Ká ní ẹlẹ́ran ọ̀sìn yẹn ló tún gbé iṣẹ́ wá, ì bá ti bẹ̀rẹ̀ kí ọkùnrin náà tó délé. Ṣùgbọ́n nítorí pé òyìnbó ló wà níwájú, tí Kano sì wà lẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ di omi.

Lọ́jọ́ Ajé, Vite ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ka ohun tí ẹnì kan kọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe kì í sáré tẹ̀ lé ohun tuntun, ló bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé webpack. Lọ́sàn-án, ó pe Olúdáre, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jáde ní yunifásítì, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú ọ́fíìsì kan ní àdúgbò Post Office.

"Webpack kẹ̀?" Olúdáre pariwo. "Lọ́dún wo? Ọ̀rẹ́ mi, Vite ni gbogbo ayé ń lò báyìí. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n rò pé bàbá arúgbó ni ẹ́ ni?"

Ló bá tún pa á rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó wo fídíò tí ọkùnrin kan ti ń fi àwọn irinṣẹ́ náà wéra, tó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí ọkùnrin náà parí ọ̀rọ̀ sí ni pé kò sí èyí tí kò dáa. Toyyib fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta fi máa mọ́, kò sí ìlà kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ náà. Ọmọ tó yẹ kó máa kọ ìkànnì fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ó ti ṣe ìsìtíkárà fúnra rẹ̀. Ó kírun rákáà méjì, ó ka àdúà tí wọ́n fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá ni yan èyí tó lóore, lẹ́yìn náà ó jókòó ó ń retí kí ọkàn rẹ̀ tẹ̀ sí apá kan. Ọkàn rẹ̀ kò tẹ̀ síbì kankan. Ló bá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Fate, ó forí lé ilé bàbá rẹ̀ ní Gàmbàrí.

Ẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Alfa Sàídù ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Bí ọmọ kan láàárín ogún bá ṣi lẹ́tà kan kà, òun náà ni yóò nàka sí. Toyyib bẹ̀rẹ̀ kí i, ó dúró títí àwọn ọmọ fi kó wàláà wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n sì túká, ó wá sọ ohun tó gbé e wá.

"Ìsìtíkárà?" bàbá rẹ̀ wí. "Lórí irinṣẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Lórí ìyàwó ni mo mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣe é. Lórí ìrìn-àjò. Lórí ilẹ̀ téèyàn fẹ́ rà. Ṣé o fẹ́ fẹ́ irinṣẹ́ yìí ni? Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́, ṣé o ò mọ àdúà ẹ̀ ni?"

"Mo ṣe é, Bàbá. N ò rí nǹkan kan."

"Ta ló ní o máa rí nǹkan? Ṣé sinimá ni?"

Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú ọmọ rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ojú Toyyib ti wọnú. Bàbá ní kó jókòó, kó ṣàlàyé ohun tí irinṣẹ́ náà jẹ́, nítorí òun ò lè gbé ohun tí òun ò mọ̀ lọ síwájú Ọlọ́run.

Toyyib ṣàlàyé. Ó ní kóòdù tí òun ń kọ kì í wà lójú kan, ó máa ń tó ogójì tàbí àádọ́ta fáìlì, bí ìgbà tí télọ̀ bá gé aṣọ sí wẹ́wẹ́. Irinṣẹ́ àkọ́kọ́ ló ń rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó tó dé orí fóònù àwọn ènìyàn. Irinṣẹ́ kejì ló ń fa ojú rírán náà wò, bóyá ó máa já.

"Ta ló ń fà á?"

"Irinṣẹ́ náà ni, Bàbá. Àmọ́ èmi ni mo ń kọ ìbéèrè tó máa fi dán an wò."

"Ìwọ lo ṣe iṣẹ́, ìwọ náà lo tún ń bi í ní ìbéèrè?" Bàbá rẹ̀ mi orí. "Níbí, ọmọ tí mo bá kọ́, alfa mìíràn ló ń gbọ́ kéwú ẹ̀ kó tó ṣe wọ́límọ̀. Ẹni tó kọ́ ọmọ mọ ibi tó ti máa ń kọsẹ̀, ó lè fò ó fún un láìmọ̀. Ó dáa. Èwo ló dàgbà jù nínú wọn?"

"Webpack. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá."

"Èkejì?"

"Kò tíì pé mẹ́wàá."

Bàbá ní kó dárúkọ wọn. Ó pè wọ́n tẹ̀ lé e, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń tún ahọ́n rẹ̀ ṣe bí ìgbà tó bá ń kọ́ orúkọ ọmọ kéwú tuntun, kó má baà ṣì wọ́n pè níwájú Ọlọ́run. Ó wá ní kí Toyyib fún òun ní òru méje.

"Bàbá, ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbà á."

"Òru méjì, nígbà náà. Tí a bá kírun Jímọ̀ tán, wá bá mi. Àmọ́ gbọ́ o: ohun tí a bá ti gbé síwájú Ọlọ́run, a kì í fọwọ́ kàn án kí èsì tó dé. Ìyẹn ò ní ládàábù, kò bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run."

Báyìí ni Toyyib ṣe pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Ní Ọjọ́bọ̀, ó fọ aṣọ. Ó gbá yàrá, ó tún un gbá. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo kọ̀ǹpútà náà lórí tábìlì, ọwọ́ ń yún un. Iná wà ní gbogbo ọjọ́ yẹn, láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, irú iná tí wọn kì í mú wá tí ènìyàn bá níṣẹ́ lọ́wọ́. Olúdáre pè.

"Ibo lo bá a dé?"

"Mò ń dúró de èsì."

"Èsì ta ni? Ṣé o ti fi ránṣẹ́ ni?"

Toyyib pa fóònù. Kò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Post Office pé bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ló ń bá òun bi Ọlọ́run nípa webpack.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe kírun tán, ó ti dé Gàmbàrí. Orí búùsù rẹ̀, awọ àgbò tó ti re lójú ibi tí orúnkún ń gbé, ni bàbá rẹ̀ jókòó sí. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó ń fọwọ́ ra orúnkún náà. Ìyá Toyyib, Asabe, tó gbé omi wá, sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ọmọ rẹ̀ létí pé ọkùnrin náà kò sùn rárá láti ọjọ́ tí Toyyib ti wá, pé òun bẹ̀ ẹ́ títí kó jókòó kírun, ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ òun kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jókòó bẹ̀.

"N ò lálàá kankan," Alfa Sàídù wí. "Má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún ẹ. Àmọ́ ìgbàkígbà tí mo bá ti kírun tán, tí mo dárúkọ àwọn méjèèjì, èyí àgbà ni ọkàn mi ń tẹ̀ sí. Ó sì jọ mí lójú. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Ó gbé ojú sí ọmọ rẹ̀. "Ọkàn tèmi nìyẹn o. Ìwọ lo máa ṣiṣẹ́. Tí ọkàn tìẹ bá wà níbòmíràn, sọ, Toyyib. Wàlláhì, kò ní bí mi nínú."

Ìgbà tí bàbá rẹ̀ dárúkọ èyí àgbà ni ọkàn rẹ̀ tó ti ń jà láti ọjọ́ Ajé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó fẹ́. Vite ló fẹ́. Òun ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, òun ló yẹ iṣẹ́ kékeré tí wọ́n ń kánjú sí, ọ̀rọ̀ náà sì wà lórí ahọ́n rẹ̀ gan-an. Ó wo ojú tó pọ́n yẹn. Ó wo ọwọ́ tó ń ra orúnkún.

"Rárá, Bàbá," ó wí. "Ibẹ̀ náà ni ọkàn mi wà."

Ẹ wo irọ́ funfun báláú. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlọrin tí wọ́n tọ́ dáadáa kò ní pè é nírọ́, yóò ní ìwà ni. Bàbá ṣe àdúà fún un, ó ní kó máa lọ, kó tètè bẹ̀rẹ̀, kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i.

Ọjọ́ méjì ààbọ̀ ló kù fún iṣẹ́ ọjọ́ méje. Toyyib kò tíì fọwọ́ kan webpack dáadáa láti ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ó sì ti gbàgbé pé irinṣẹ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí wọ́n á fi jókòó sọ ohun gbogbo fún un lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ní Sátidé, ojúmọ́ kan gbáko ló fi kọ ìlànà fún un, kò tíì kọ ìlà kan nínú ìkànnì fúnra rẹ̀. Bí ó bá tún èyí ṣe, tọ̀hún a bàjẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, wọ́n mú iná lọ, ó sì gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ibi kan ní Ọ̀fà Garage tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí fóònù fún àwọn èrò ọkọ̀. Àárín àpò ìrẹsì àti àwọn tó ń pe èrò Ọ̀fà ló jókòó sí, ó ń kọ ìbéèrè tí Jest máa fi dán ìkànnì ilé-ìkàwé wò. Obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ bi í bóyá òun ló ń kọ orúkọ èrò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló rò ó pé kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí òun gbé Vite, wákàtí mẹ́ta péré ni yóò fi parí ẹ̀. Kò lè ṣe é. Ẹni tó bi Ọlọ́run ní ìbéèrè, tí wọ́n dá a lóhùn, tó wá ṣe ìdàkejì, kí ló fẹ́ sọ fún un nígbà mìíràn?

Ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ parí. Ìbéèrè mẹ́rìnlá ni Jest bi ìkànnì náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ló yege. Toyyib fi ránṣẹ́, ó forí kanlẹ̀ dúpẹ́, ó sì sùn bí òkú.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n fèsì. Iṣẹ́ náà dára, ṣé ó lè bá àwọn sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́rin ọjọ́ kejì? Nígbà tó pe bàbá rẹ̀, ariwo "Alihamudulilahi" tí bàbá náà pa fẹ́rẹ̀ẹ́ ya fóònù. Ó ní ilé òun ni kó ti wá sọ ọ̀rọ̀ náà, pé sólà tí akẹ́kọ̀ọ́ òun kan gbé sí ilé-kéwú kì í kú, àti pé òun fẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí òun máa fa tẹ̀súbáà. Ṣé wọ́n ń kọ̀ fún bàbá bẹ́ẹ̀ ni?

Bí ó ṣe rí nìyẹn tí Toyyib fi jókòó sí yàrá bàbá rẹ̀ ní aago mẹ́rin Ọjọ́bọ̀, kọ̀ǹpútà lórí àpótí, Alfa Sàídù lórí búùsù ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i, tó ti wọ fìlà tuntun. Òyìnbó méjì ló yọ lójú kọ̀ǹpútà, obìnrin kan tó wọ gíláàsì àti ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Obìnrin náà ló ń sọ̀rọ̀. Ó yin iṣẹ́ náà. Ó ní àwọn ìbéèrè mẹ́rìnlá yẹn mọ́gbọ́n dání, pàápàá èyí tó béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ènìyàn méjì bá gba àga kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ara Toyyib balẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ó ṣe yẹ.

"A wo àwọn iṣẹ́ rẹ tó kù," obìnrin náà wá wí. "Vite lo lò fún gbogbo wọn. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé webpack àti Jest lo lò fún tiwa? Kò sí èyí tí kò dára nínú wọn o. A kàn fẹ́ mọ bí o ṣe ń ronú kí o tó yàn ni."

Toyyib la ẹnu. Ó mọ ohun tó lè sọ. Ó lè ní nítorí pé webpack ti pẹ́, tàbí pé ó gba oríṣiríṣi àfikún, tàbí pé òun rò pé òun náà ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wọn. Ó ti ka gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá títí ojú fi ń ro ó. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀, tẹ̀súbáà sì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá mi ni mo bi," ó wí.

"Ṣé bàbá rẹ náà ń kọ kóòdù ni?"

"Rárá. Olùkọ́ ni."

Alfa Sàídù kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń pe bàbá àti bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ ní èdè yẹn. Ó jókòó dáadáa, ó sì tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Kí ni bàbá rẹ wá sọ pé ó jẹ́ ìdí rẹ̀?"

Toyyib wo ilẹ̀. "Kò sọ ìdí kan. Ó gbàdúrà lé e lórí ni."

Obìnrin náà kò fi ṣẹ̀sín. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ó dára. Jẹ́ ká sọ pé bàbá rẹ kò sọ nǹkan kan. Èwo ni ìwọ ì bá mú?"

"Vite."

"Nítorí kí ni?"

Ọ̀rọ̀ wá tú jáde lẹ́nu Toyyib. Ó ní iṣẹ́ náà kéré, ọjọ́ méje kò sì gba ẹni tó máa fi ọjọ́ kan gbáko kọ ìlànà. Ó ní Vitest á lo ìlànà kan náà tí Vite ń lò, kò ní sí pé ènìyàn ń sọ ohun kan náà fún irinṣẹ́ méjì. Ó tún sọ irú iṣẹ́ tí òun ì bá fi webpack ṣe láìṣiyèméjì, ìkànnì ńlá tó ti wà lórí rẹ̀ tipẹ́, tí títú u máa náni ju fífi í sílẹ̀ lọ. Ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sọ ọ̀rọ̀ tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sí ara rẹ̀ rí. Nígbà tó dákẹ́, àwọn òyìnbó méjèèjì wo ara wọn.

Ọkùnrin náà wá sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "O mọ̀ ọ́n, nígbà náà. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ohun kan. Bí o bá wà lọ́dọ̀ wa, tí o mọ èyí tó tọ́, tí ẹni tó jù ọ́ lọ sì mú òmíràn, ṣé wàá sọ fún un?"

Bẹ́ẹ̀ ni ló yẹ kó sọ. Ẹnikẹ́ni tó ń wáṣẹ́ á sọ bẹ́ẹ̀ ni, á tún fi ẹ̀rín sí i. Toyyib yíjú, bàbá rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó mi orí fún un pé kó má bẹ̀rù, kó máa sọ̀rọ̀. Tẹ̀súbáà dún, ó tún dún, Toyyib kò rí nǹkan kan sọ.

"O ṣé," ọkùnrin náà wí nígbà tó pẹ́. Ohùn rẹ̀ kò le. "Kò dára kí n jẹ́ kí o máa retí títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọwọ́ rẹ mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́rin péré la wà níbí, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnì kejì, ẹni tó máa sọ̀rọ̀ la nílò. Ẹlòmíràn la máa gbà lọ́tẹ̀ yìí. Má bínú."

Alfa Sàídù rí i pé ohùn wọn rọlẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń dágbére nìyẹn. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde, ó tiro wá sẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó gbé ojú sí ibi tí wọ́n á ti rí i, ó sì fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó ní dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó tún ṣàdúà fún wọn ní Yorùbá, pé kí Ọlọ́run bá wọn tún ilé ṣe. Obìnrin náà fi ọwọ́ lé àyà. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

"Wọ́n béèrè mi," bàbá wí. "Àbí wọn ò béèrè mi? Mo gbọ́ tí o ń pe bàbá."

"Wọ́n béèrè yín, Bàbá."

"Kí lo wí fún wọn?"

"Mo ní ẹ̀yin lẹ bá mi yan irinṣẹ́."

"Màṣá Allah! Obìnrin yẹn gan-an, mo ń wò ó, ó ń mi orí bí o ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí o wá bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ ṣàpèjúwe, mo ní ó parí, wọ́n ti gbà á." Ó ti fa fóònù yọ nínú àpò.

"Bàbá, ẹ dúró ná—"

Alfa Sàídù gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́, fóònù ti wọlé. "Àmínù! Aṣalamu alaikumu. Ọ̀rọ̀ Toyyib ti yanjú o. Lójú mi báyìí! Wọ́n bá a sọ̀rọ̀, èmi náà kí wọn. Má dá ààyè yẹn sí fún un mọ́. Ta ni? Abdulwaris, ọmọ Àìṣà? Tó ti ń bẹ̀ ẹ́ fún ààyè náà láti ọjọ́ yìí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kó máa bọ̀."

Toyyib ti kúnlẹ̀. Kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kò ju ìwọ̀nba lọ: wọn ò gbà mí. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, bàbá rẹ̀ máa béèrè ohun tó fà á. Ṣé yóò ní ìsìtíkárà òru méjì lórí orúnkún dídùn ló fà á ni? Àbí yóò ní bàbá bi òun ní ọjọ́ Jímọ̀, ó fi Ọlọ́run búra pé kò ní bí òun nínú, òun sì wò ó lójú, òun purọ́ fún un? Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ Kano ti bẹ̀rẹ̀, kò rí bàbá rẹ̀ kí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí rí.

"Gbà," bàbá wí, ó na fóònù sí i. "Dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá ẹ. Ó ṣe sùúrù fún wa."

Ohùn Alhaji Àmínù dún láti Kano, ariwo mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀. "Toyyib, bàríkà o! Mo ti ránṣẹ́ sí Abdulwaris báyìí-báyìí pé kó máa di ẹrù. Má wò ó pé mò ń pariwo lé ẹ lórí tẹ́lẹ̀ o, mi ò fẹ́ kí o jókòó lásán ni. Ṣé ọkàn ẹ ti wá balẹ̀ báyìí?"

Bàbá rẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ti balẹ̀, sà," Toyyib wí. "Ẹ ṣé."